Ta Ló Ń Ran Ta Lọ́wọ́

Sísọ́ọ̀sì ni Ìyá Bọ́tìnnì kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Aránṣọ ni, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì sọ ọ́ lórúkọ, torí pé bọ́tìnnì tó bá ti rán mọ́ ẹ̀wù kì í já, ẹ̀wù ló máa ń gbó fi í sílẹ̀. Nígbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro gé fún un, ó gbé sísọ́ọ̀sì lọ fún ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó pọ́n ọn tán, aṣọ kò gé. Ìyá wá yí ẹ̀bi náà sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní ó ti le jù. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá, ó tú u palẹ̀, ó tò ó padà, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ìyá Bọ́tìnnì kò gbà. Ẹ̀rọ tí òun ti ń lò kí òun tó relé ọkọ, ṣé òun kò ní mọ̀ tó bá yí padà ni?

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tó jí, tó fẹ́ de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀, tí àwọn ìka rẹ̀ kò ṣe é ká. Wọ́n wú, wọ́n gbóná, wọ́n le gbagidi. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ló bá a de bọ́tìnnì náà.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní làkúrègbé ni. Ó ní irú èyí kì í ṣe ti ọjọ́ orí, ó ní ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ṣìnà, tó wá ń bá oríkèé jà. Ìyá Bọ́tìnnì ń mi orí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé e rárá. Báwo ni ara èèyàn ṣe ń bá ara rẹ̀ jà? Ta ni yóò sì là wọ́n? Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó máa sinmi, wọ́n tún ní kó má jókòó sójú kan. Nígbà tó délé tí ọkọ rẹ̀ bi í ní ohun tí wọ́n sọ, ó ní wọ́n ní kí òun sinmi, kí òun má sì sinmi.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó máa ń kó àwọn obìnrin tó ní àrùn náà jọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó ní kí Ìyá Bọ́tìnnì máa wá. Ìyá rò pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun, ó wọ aṣọ tó dáa, ó tètè lọ. Ìgbà tó débẹ̀, àga oníke ni wọ́n tò ní ríbítí, àwọn obìnrin jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní omi gbígbóná ló ń tu òun lára, èyí tó jókòó tì í ní yìnyín ni tòun. Ọ̀kan ní bí òjò bá ti ṣú ni orúnkún òun ti ń mọ̀, òmíràn ní inú oòrùn gan-an ni tòun ti ń dìde. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ìyá Bọ́tìnnì ń ti ojú ẹni kan bọ́ sí ti èkejì, ó ń dúró de ẹni tí yóò sọ èyí tó tọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ìpàdé tú, kò rí ẹni náà.

Bí wọ́n ṣe ń dìde ni nọ́ọ̀sì mú ọ̀dọ́bìnrin kan wá bá a. Obìnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rìn bíi pé ilẹ̀ gbóná. Takisí ló ń wà. Awakọ̀ ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń pè é. Nọ́ọ̀sì ń kánjú, torí wọ́n ti ń pè é ní wọ́ọ̀dù. Ó fọwọ́ kan àwọn méjèèjì léjìká.

“Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa rí ara yín,” ló wí. “Ọ̀kan á máa ran èkejì lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí.”

Ó ti lọ.

Ìyá Bọ́tìnnì wo ọmọ náà látòkè délẹ̀. Kò lè ju àbígbẹ̀yìn òun lọ. Òun kò tiẹ̀ mọ̀ pé làkúrègbé ń mú irú ọmọ báyìí. Àánú rẹ̀ ṣe é. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: òun tí òun dàgbà ni ọ̀kan tó máa ṣe ìrànlọ́wọ́, ọmọ yìí sì ni èkejì. Ohun tí kò yé e ni irú ìrànlọ́wọ́ tó fẹ́ ṣe. Ó dé ilé, ó fi ọ̀rọ̀ lọ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ronú títí, ó ní bóyá kó máa kí i pé pẹ̀lẹ́.

Kó tó rí àyè kí i pé pẹ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Awakọ̀ ni. Ó kí i dáadáa, ó béèrè bóyá ó sùn, bóyá ó ti lè di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, bóyá ó jẹun kó tó lo oògùn. Ìyá Bọ́tìnnì ń dá a lóhùn bí ọmọ ilé ìwé. Ìgbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ló tó sọ sí i lọ́kàn pé òun ló yẹ kí òun pè é. Ó ní ó dáa, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ojú ló ń tì í láti sọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ pè. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní tòun dáa, ó sì tún dá ọ̀rọ̀ padà sórí ọwọ́ Ìyá.

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ. Awakọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, ó fi wé ojú ibi tí ọwọ́ ń gbé di sísọ́ọ̀sì mú kó lè nípọn. Ó fi hàn án bó ṣe lè fi aṣọ tútù wé ẹnu ẹ̀rọ omi kó tó lọ́ ọ, kí ọrùn ọwọ́ má baà ro ó. Sísọ́ọ̀sì náà sì gé aṣọ. Inú Ìyá Bọ́tìnnì dùn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń dàrú. Ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kí òun máa ronú irú nǹkan báyìí fún un? Kí ó má baà dà bíi pé òun kò ṣe nǹkan kan, ó fi àjákù fóòmù rán ìbòrí fún sítíárìn takisí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí nǹkan rírọ̀ dì mú. Ìgbà méjì ni abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní kí ọkọ òun bá òun wá a nílẹ̀, kò sì jẹ́ kí Awakọ̀ mọ̀.

Awakọ̀ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Mọ́mì, ẹ gbìyànjú o. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ yín ti ń bọ̀ sípò?”

Bí èèyàn ṣe ń yin ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ló ṣe yìn ín. Ìyá Bọ́tìnnì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé, kò lè gbé e mì. Ó ro ẹjọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ náà ń yin òun. Ọkọ rẹ̀ ní kí ló burú nínú ìyẹn. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe yin òun kò yé òun.

Ó tún burú sí i. Bó bá ní kí Awakọ̀ má gbé èrò lọ sọ́nà jíjìn, Awakọ̀ á ní kí Ìyá fi tòun sílẹ̀, ti Ìyá ni kí wọ́n gbọ́. Bó bá bi í nípa orúnkún rẹ̀, yóò ní kò sí nǹkan kan. Ìyá Bọ́tìnnì wá ń rò ó pé bóyá òun kò mọ ìrànlọ́wọ́ ṣe ni, tàbí pé oògùn yìí ti ń wọ òun lọ́pọlọ. Ó lọ sí ìpàdé kó lè bi nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti lọ lo ìsinmi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìpè àárọ̀ dáwọ́ dúró. Ìyá Bọ́tìnnì pè títí, kò sí ẹni tó gbé e. Ó ní ọjọ́ iṣẹ́ òun dé nìyí. Ó bu ọbẹ̀ gbígbóná sínú fúláàsì, ó ki ṣíbí onírin kan bọ báàgì, ó béèrè ọ̀nà títí tó fi rí takisí náà níwájú ilé alájà kan. Òkè pátápátá ni Awakọ̀ ń gbé. Ìyá Bọ́tìnnì fẹ̀gbẹ́ gun àtẹ̀gùn náà bí akàn, ó ń sinmi, ó ń gun, ó ń bú ẹni tó kọ́ ilé náà lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tó dókè, ó fi ìgbúnwọ́ kan ilẹ̀kùn, torí ìka rẹ̀ kò ṣe é kàn án.

Awakọ̀ béèrè ẹni tó wà níbẹ̀. Ìyá Bọ́tìnnì ní òun ni. Awakọ̀ ní Ìyá kò yẹ kó gun àtẹ̀gùn náà rárá, pé kó rọra máa padà sílé, pé ara òun le. Ìyá ní kó ṣílẹ̀kùn. Awakọ̀ ní òun ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti àárọ̀, òun kò lè yí kọ́kọ́rọ́. Ohùn rẹ̀ ń wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, bíi ti ẹni tó jókòó sílẹ̀.

“Má dààmú, ọmọ mi,” ni Ìyá Bọ́tìnnì wí. “Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni mo wá ṣe.”

“Iṣẹ́ wo, Mọ́mì?”

“Pé kí n máa ràn ọ́ lọ́wọ́.”

Ohùn Awakọ̀ gòkè nínú yàrá.

“Ẹ̀yin kẹ̀? Èmi ni wọ́n ní kí n máa ràn yín lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń bá àrùn yìí fà á. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Nọ́ọ̀sì. Ó ní ọ̀kan á máa ran èkejì lọ́wọ́.”

“Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn.”

Ìyá Bọ́tìnnì dúró síbẹ̀, ó há fúláàsì mọ́ àyà. Gbogbo ìpè àárọ̀ ń padà bọ̀ wá sí i lọ́kàn, sísọ́ọ̀sì, ìbòrí sítíárìn, ìyìn tí kò yé e. Ojú ń tì í, ẹ̀rín sì ń pa á, kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú méjèèjì. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó rọra jókòó sílẹ̀, òun lóde, Awakọ̀ nínú ilé.

Ibẹ̀ ni Awakọ̀ ti sọ ohun tí kò sọ rí. Ó ní ìgbà tí òun wà nílé ìwé, òun kò lè di kálàmù mú, tíṣà ní ọ̀lẹ ni òun. Ó ní títí di ìsinsìnyí àwọn èrò ọkọ̀ ń bú òun tí òun bá pẹ́ kí òun tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ó ní ọjọ́ burúkú pọ̀, ṣùgbọ́n báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ní kí òun gbà níyànjú? Ìyá Bọ́tìnnì gbọ́, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun náà, gbogbo àárọ̀ tí òun ń sọ pé ọwọ́ òun ti ń dẹ̀, irọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní òun ti sunkún nídìí ẹ̀rọ omi, kí ọkọ òun má baà gbọ́ ni òun ṣe jẹ́ kí omi máa dà.

Ó wá ku ilẹ̀kùn. Awakọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi ẹsẹ̀ tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ìyá Bọ́tìnnì ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ ihò ilẹ̀kùn níta, ṣùgbọ́n ìka kò lágbára. Ó yọ ṣíbí, ó ki ìdí rẹ̀ bọ ihò orí kọ́kọ́rọ́ náà, ó wá fi apá ti ṣíbí lọ sísàlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yí. Ó bá Awakọ̀ nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì, irun rẹ̀ kò rí kóòmù. Kò lè di ṣíbí mú. Ìyá Bọ́tìnnì tú gèlè rẹ̀, ó fi so ṣíbí mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọmọ náà sì jẹun fúnra rẹ̀, ó ń da ọbẹ̀ sára, kò sí ẹni tó bìkítà.

Ìgbà tí ara Awakọ̀ balẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti ibi ìsinmi gba ibi iṣẹ́ mìíràn lọ. Wọ́n wá nọ́ńbà rẹ̀ rí, wọ́n pè é. Ó kí wọn tayọ̀tayọ̀, ó ní òun kò rántí pé òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé, fóònù sì já. Nígbà tí wọ́n bi àwọn obìnrin yòókù léèrè, àwọn kan ní Ìyá ló ń ṣe ìrànlọ́wọ́, ó hàn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní Awakọ̀ ni, ta ni kò mọ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ ní òun ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n.

Ìpè àárọ̀ ṣì ń lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó ń sọ pé tòun dáa mọ́ bí kò bá dáa. Nígbà mìíràn àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan kò ní gbọ́ tèkejì, wọ́n á dákẹ́ pọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Àrùn náà kò lọ. Ọjọ́ tí ara bá gbà, Ìyá Bọ́tìnnì á ránṣọ títí oòrùn á fi wọ̀. Ọjọ́ mìíràn, kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù rárá, kò sì lè sọ ohun tó mú ọjọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọkọ rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé nínú Ìyá àti ọmọ awakọ̀ yìí, ta ló wá ń ran ta lọ́wọ́ gan-an. Ó la ẹnu láti dá a lóhùn. Ó ronú, ó tún ronú, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun ṣí ìdérí ike oògùn yẹn ná, Awakọ̀ ti ń fọn fèrè takisí níta.