Ọwọ́ Tí Yóò Wẹ Ọmọ Ànú

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn. Ọmọ mi Ànú ló fà á. Ó lóyún, oyún àkọ́kọ́, mo sì ti ń retí ọmọ náà láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ní ilé tiwa, ìyá tó bí ìyá ọmọ ni yóò wẹ ọmọ tuntun. Yóò fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ mọ́, yóò na apá, yóò na ẹsẹ̀, yóò sì jù ú sókè díẹ̀ kó má baà di ojo. Ìyá mi ló wẹ Ànú níbí ní Jenta Adamu ní Jos, nínú ọyẹ́ tó ń mú eyín gbọ̀n. Ó wá kan èmi.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Súwẹ́tà ni mo ń hun tà fún àwọn ọmọ iléèwé, ẹni tó bá sì mọ òtútù Jos yóò mọ̀ pé mi kì í sinmi. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bíi pé eèrà ń rìn nínú àtàǹpàkò mi. Nígbà tó yá, àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e dà bíi pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwo bọ́. Ọjọ́ tí ìkòkò ọbẹ̀ bọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ọbẹ̀. Ọmọ tuntun tí ọṣẹ wà lára rẹ̀ ni mo ń rò.

Dókítà ní iṣan kan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ni nǹkan fún mọ́lẹ̀. Ó fún mi lóògùn, ó fún mi ní ohun tí màá máa dè mọ́ ọrùn ọwọ́ sùn, ó ní kí n dín híhun kù. Ó wá ní tí mo bá fẹ́, kí n fi abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà kún un, pé ẹnì kan ń ṣe é ní Dogon Dutse.

Mo ní, "Dókítà, ọwọ́ ń yọ mí lẹ́nu, ẹ ní kí wọ́n tún lọ gún un?"

Ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mo lọ.

Mi ò sọ fún Ànú. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kó wá ẹlòmíràn wẹ ọmọ? Ẹlòmíràn ọ̀hún kúkú ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí. Màmá Keziah ni, ìyá Dávídì ọkọ Ànú, ọmọ ẹ̀yà Berom láti Zawan. Obìnrin yẹn ti sọ ọ́ lójú mi pé òun lòun máa wẹ ọmọ ọmọ òun.

Mo ní, "Haba, Màmá Dávídì! Ọmọ ta ló lóyún?"

Ẹ̀rín la fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣeré nínú àwa méjèèjì.

Jonathan lorúkọ ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Jos, tí Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ní kò ní dùn mí. Mo ní irọ́ ni. Mo di ojú, mo figbe ta.

"Mama," ló wí, "mi ò tíì fọwọ́ kàn yín."

Ojú tì mí díẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín bí irun orí, mi ò sì mọ ìgbà tí èyí àkọ́kọ́ wọlé. Ó fi òmíràn sí ọrùn ọwọ́, ó fi sí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ó ní kí n má mira rárá. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé òun kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó lè dẹ̀ ẹ́, ó lè má dẹ̀ ẹ́, kí n má sì fi oògùn dókítà sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìgbà tí mo tún padà lọ, mo jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ mi lórí ìrọ̀rí, abẹ́rẹ́ dúró lára wọn. Ilẹ̀kùn ṣí. Ta ló wọlé? Màmá Keziah.

Ẹ gbọ́, àna ni o! Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí àna rẹ̀ tí yóò jókòó gẹlẹtẹ? Orúnkún mi kò bi mí léèrè. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, tòun ti abẹ́rẹ́, mo sì kí i káàbọ̀ ní Hausa. "Sannu da zuwa, Màmá!"

"Mama, abẹ́rẹ́!" ni Jonathan ké.

Èyí dùn mí. Yéè! Ọ̀kan tẹ̀, ọ̀kan fò lọ sábẹ́ àga, Jonathan sì dọ̀bálẹ̀ tó ń wá a, bíi pé òun náà ń kí àna.

Màmá Keziah kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń fi pamọ́ sẹ́yìn. Mo wò ó dáadáa, mo sì rí i pé irú ohun tí dókítà ní kí n máa dè sùn ló wà ní ọrùn ọwọ́ tirẹ̀. Ọkọ́ ló fi ń kọ ebè pòtétò láti ìgbà ọmọge.

"Má sọ fún Ànú," ló wí ní Hausa.

"Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ fún Dávídì."

Ìgbà yẹn lẹ̀rín tó já lẹ́nu wa. Jonathan bẹ̀ wá títí ká sinmi ẹ̀rín, kó tó ráyè fi abẹ́rẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́wọ́.

Ànú bí ọkùnrin. Ọwọ́ mi ti fúyẹ́ díẹ̀ nígbà náà, mo ti ń dá bọ́tìnnì dè, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi kò tíì jí tán. Wọ́n gbé ọpọ́n ìwẹ̀ sílẹ̀. Màmá Keziah ní kí n máa wẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá o, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Ànú ń wò wá bí ẹni wo wèrè méjì.

Mo ti ìka bọ omi. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Mo wo ọmọ yẹn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí tí kò tíì le, mi ò sì lè parọ́ mọ́.

"Ànú, ọwọ́ mi kò mọ omi gbígbóná. Mi ò lè wẹ̀ ẹ́."

"Èmi náà kò lè wẹ̀ ẹ́," ni Màmá Keziah wí.

Mo rò pé Ànú yóò bínú. Ńṣe ló mí kanlẹ̀. "Mọ́mì, mo ti ń bẹ̀rù pé ẹ ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ mi. Ẹ jókòó. Ẹ máa fi ẹnu wẹ̀ ẹ́, èmi á máa fi ọwọ́ ṣe é."

Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, ó bù ún lé ọmọ. A sì fi ẹnu wẹ̀ ẹ́! Èmi ní kó na apá, Màmá Keziah ní kai, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń nà. Ọmọ ń ké, àwa náà ń ké.

Nígbà tó parí, ó fi òróró pa á, ó tẹ́ ẹ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi tó kú yìí bò ó ní ikùn. Ọmọkùnrin náà wò mí lójú kòrókòró, ó sì tọ̀ sí mi lọ́wọ́.

"Ó gbóná!" Mo pariwo. "Ànú, ó gbóná! Mo mọ̀ ọ́n!"

Omijé bọ́ lójú mi. Ànú sáré mú aṣọ, ó fẹ́ nù ún kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ní kó fi í sílẹ̀.