Wàrà Inú Fíríìjì Festus

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí Festus Ọláwuyì fẹ́ràn láyé, kí ó wo ibi tó gbé fíríìjì rẹ̀ sí. Kì í ṣe ilé ìdáná. Pálọ̀ ni, lábẹ́ àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, níbi tí àlejò kò ti lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àwọn Yorùbá oníṣẹ́ ọ́fíìsì tó ní fíríìjì ní Enugu lọ́dún 1966 kò pọ̀, Festus kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, kò rántí fíríìjì. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ó di ọwọ́ Phoebe ìyàwó rẹ̀ mú, ọwọ́ náà gbóná bí ààrò. Oyún oṣù keje ló wà nínú rẹ̀, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run. Wọ́n ti lo oògùn ibà títí, ara kò rọ̀. Láti àárọ̀ ni inú ti ń mú un, ọmọ tó sì máa ń tàpá tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mira mọ́.

"Ọkọ mi," ni Phoebe wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "má jẹ́ kí ọmọ yìí lọ."

"Kò níí lọ," ni Festus dáhùn, bí ẹni pé òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run.

Dókítà Obiora wọlé. Ọmọ Ngwo ní ilẹ̀ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti kàwé, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, mo tún ń béèrè o. Láti nǹkan bí oṣù kan, ǹjẹ́ ìyàwó yín mu mílíìkì màlúù tí a kò sè, àbí ó jẹ ohunkóhun tí wọ́n fi ṣe?"

Kí Festus tó lanu, Ìyáàfin Dorothy, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, tó ti bá wọn jókòó láti àárọ̀, ti gbà á sọ.

"Kò sí irú ẹ̀ nílé wọn, Dókítà. Ṣíìsì Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ń jẹ, ti inú agolo. Gbogbo wa la jẹ níbẹ̀ nígbà tó pè wá sílé, kò ṣe wá ní nǹkan kan."

"Inú agolo?" Dókítà mirí. "Ìyẹn kọ́ nìyẹn." Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Festus mọ òtítọ́. Kò sí ṣíìsì Lọ́ńdọ̀n kankan. Wàrà ni, tó rà lọ́wọ́ Rùkáyàt, ọmọ Ìlọrin tó ń kiri ní àdúgbò Ogui. Rùkáyàt sì kìlọ̀ fún un: "Ọ̀gá, ó ti pẹ́ nínú omi díẹ̀ o. Ẹ tún un sè, tàbí kí ẹ dín in."

Festus rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Rùkáyàt, èmi ní fíríìjì. Kí ló fẹ́ bàjẹ́ nínú fíríìjì?"

Ó gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó tò ó sínú àwo tánńganran, ó sọ fún àwọn àlejò pé ṣíìsì inú agolo ni, ọ̀rẹ́ òun ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n nínú ọkọ̀ òfurufú. Ìyókù padà sínú fíríìjì. Ojoojúmọ́ sì ni Phoebe, tí oyún ń mú kí ọ̀fun rẹ̀ máa wá nǹkan tútù, ń gé níbẹ̀ jẹ.

Bí ó bá sọ ọ́, gbogbo ọ́fíìsì á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Phoebe kérora, ó fún un lọ́wọ́ pọ̀.

"Dókítà!" Ó tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èébì. "Irọ́ ni. Wàrà ni, èmi ni mo pè é ní ṣíìsì. A kò tún un sè. Fíríìjì ló wà, ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìyàwó mi ti ń jẹ ẹ́."

Dókítà yí padà, ó pe nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kíá. Ó wá dojú kọ Festus.

"Kòkòrò kan wà tí ojú kì í rí. Omi ìdọ̀tí tàbí ọwọ́ ìdọ̀tí lè gbé e wọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Iná ló ń pa á. Fíríìjì kì í pa á, inú òtútù gan-an ló ti máa ń bí sí i, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ ẹ́ kó má tilẹ̀ mọ̀. Aláboyún ló ń bá jà, àti ọmọ inú rẹ̀, àti arúgbó, àti ẹni tí àìsàn ti jẹ lára tán. Ìyáàfin, ẹ ní kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin kọ́ ló ń wá."

Festus yíjú sí Dorothy, ó ń retí ẹ̀rín. "Ẹ dárí jì mí, Mà. Mo tàn yín jẹ."

"Ta lo tàn jẹ?" ni Dorothy wí. "Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí, Festus. Wàrà ni wọ́n fi já mi lẹ́nu ọmú. Ta ni kò mọ̀ lọ́jọ́ náà? Èyí tí o dì fún mi lọ sílé, mo dín in gbẹ kí n tó gbé e fún ìyá ọkọ mi."

"Ẹ mọ̀? Ẹ wá sọ fún Dókítà pé…"

"Mo ń bo àṣírí rẹ ni." Ó káwọ́ lérí. "Ọlọ́run, àṣírí kí ni mo ń bò!"

Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì Phoebe lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn kò lè wo ojú ara wọn. Nírọ̀lẹ́, igbe kan jáde láti yàrá náà, tín-ín-rín bí ti ọmọ ológbò, ó sì dákẹ́. Festus dìde, ó tún jókòó. Igbe náà tún jáde.

Dókítà yọjú. "Obìnrin ni. Ó ń mí. Ìyá rẹ̀ náà ń mí. A ti fún àwọn méjèèjì lóògùn tó yẹ. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni wá bá yín yọ̀."

Festus ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ fíríìjì tí kì í fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi Phoebe, ó nà án sí Dorothy.

"Ẹ bá mi kó èyí tó kù dànù, Mà."

"Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mò ń dànù ńkọ́?"

"Ẹ ní wàrà ni."