Ojú Tí Lékèélékèé Yà Sórí Àpáta

Àgídí ni Títíloyè fi ń bo ìbànújẹ́ mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1993, nígbà tí wàhálà ìdìbò dí ọ̀nà, tí ìyá rẹ̀ kú ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sin ín láìdúró dè é, omijé kan kò bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀wà ló ń tà lọ́jà Oliha ní Ìbínì, ó sì ń tà á bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ta ló ń tàn? Ẹni ọmọ sin ló bímọ, làwọn àgbà wí. Ṣé ìyá òun wá bí òun lásán ni?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti Fọláyẹmí, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ̀ kalẹ̀ láti Ikpoba Hill lọ fọ àpò ẹ̀wà létí odò. Àwọn lékèélékèé ti sùn sórí àpáta ibẹ̀ mọ́jú, ìgbẹ́ wọn sì funfun báláú lára rẹ̀. Títíloyè ṣíjú wò ó, àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú èèyàn ni! Gèlè wà lórí, pélé mẹ́ta-mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, bí ti ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní ẹnu.

"Màámi, ṣé ẹ̀ ń bá mi yodì ni?" Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Fọláyẹmí, ta ló ṣe eléyìí?"

Ìbínì ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ kì í mọ ohùn àárín yàtọ̀ sí tìsàlẹ̀.

"Mummy, na ẹ̀yẹ."

Ẹ̀yẹ kẹ̀! Èyí tí wọ́n fi ń sin òkú àgbà? Àyà Títíloyè já. "Ẹ̀yẹ tí mi ò ṣe fún un, àbí?"

"No o! Ẹ̀yẹ! The one wey dey fly!" Ó na apá méjèèjì, ó ń jù wọ́n fìrìfìrì.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú lẹ́nu Títíloyè. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó di ẹkún. Ó sun ún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìyá mi kú, Fọláyẹmí. Mi ò sì sin ín."

Ọmọ náà wò ó, ó tún wo àpáta. "Oya, make we bury am now."

Títíloyè sún mọ́ àpáta náà. Ó fọwọ́ ọ̀tún bu yanrìn odò, ó dà á sórí ojú náà.

"Màámi, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá."

Fọláyẹmí náà bu tirẹ̀.