Ẹsẹ̀ Àga Ọwọ́ Ọ̀tún

Èérún igi kún irùngbọ̀n Fẹ̀sọ̀, ajá Fọláhàn. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àga náà mú, ó ń fi eyín họ ọ́ bí ẹni tó rí egungun ẹran iléyá.

"Ẹ̀ẹ̀kejì láàárọ̀ yìí nìyẹn," ni bàbá Fọláhàn wí lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í pariwo. "Àbúrò mi Ọlọ́runtọ́ba ń bọ̀ láti Àgbàdo lọ́sàn-án. Yóò mú un lọ sóko."

"Dádì, ẹ dákun, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i."

"O ti gba oṣù méjì."

Fọláhàn gbé ajá náà mọ́ àyà. Ajá òyìnbó kékeré tí wọ́n ń pè ní téríà ni, funfun, etí rẹ̀ pupa bí eruku ọ̀nà. Kò tíì lajú dáadáa nígbà tí ọ̀rẹ́ kan fi ta Fọláhàn lọ́rẹ, ike abẹ́rẹ́ tí a ti yọ irin rẹ̀ ló fi ń kán wàrà sí i lẹ́nu. Lóko kòkó Ọlọ́runtọ́ba, pàkúté ti pa ajá méjì láàárín ọdún kan, àwọn yẹn sì gbọ́n ju Fẹ̀sọ̀ lọ.

Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ kò wọ̀ ọ́ létí. Bó bá ti ki ẹnu bọ nǹkan, Fọláhàn á ní "Ó tó," á gbé egungun fún un dípò rẹ̀, á sì yìn ín bó bá gbà á. Báyìí ló ṣe fi ẹní sílẹ̀, tó fi ìgbálẹ̀ àti ilẹ̀kùn sílẹ̀. Àga yìí nìkan ló kù. Fọláhàn fi omi ewúro kun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ata kùn ún. Ajá sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ìṣirò ni Fọláhàn kà ní yunifásítì, ohun tí kò bá yé e kì í jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ya àga náà sínú ìwé, ó sàmì sí ojú eyín kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ni. Èyí tó wà lósì ń dán.

"Gbogbo ìwé tí o kà, àga lo wá ń yà fún ajá," ni ìyá rẹ̀ wí láti ilé ìdáná. "Wá gúnyán."

Ọlọ́runtọ́ba dé bí iyán ṣe ń kúnná. Ó wo Fẹ̀sọ̀ látorí dé ìrù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ajá ulé yín rèé? Òkété oko mi ju eléyìí lọ. Ẹ jẹ́ n gbàdúrà kí àwọn òkété má gbà á ṣọmọ."

Nítorí pé ó di okùn ajá mú, ilẹ̀ ni Fọláhàn jókòó sí jẹun. Ibẹ̀ ló ti rí i. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àga náà, ó ń bá Ọlọ́runtọ́ba sọ̀rọ̀ òjò, kò wolẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òkèlè tó rin fún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Fẹ̀sọ̀ gbà á. Ìka mẹ́ta wá nu ara wọn sára ẹsẹ̀ àga, ọwọ́ sì padà sókè bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun Fọláhàn, ó fi iyán tì í wálẹ̀. A kì í sọ irú rẹ̀ fún bàbá ẹni níṣojú àbúrò rẹ̀.

Ó dìde, ó bu omi ọṣẹ, ó kúnlẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ àga náà látòkè délẹ̀. Ó gbé abọ́ ajá sẹ́nu ọ̀nà. "Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, sà, abọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá wo abọ́. Ó wo ìka rẹ̀ tí epo ń dán lára wọn.

"Ó yá, ká máa lọ kójò tó dé," ni Ọlọ́runtọ́ba wí.

"Àwọn pàkúté rẹ, ṣé o ti kó wọn?" ni bàbá bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni n ó wá fi pa òkété?"

"Jẹ́ kí ajá náà ṣì wà níhìn-ín ná."

Bàbá gé òkèlè kan sí i. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó di apá àga mú, ó fi orúnkún tó ń dùn ún dìde, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, Fẹ̀sọ̀ ń tẹ̀ lé e.

Fọláhàn tẹjú mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Láti oṣù méjì ló ti ń wá ìdí tí ajá fi ń lọ sábẹ́ àga yẹn. Kò rò ó rí pé ẹnì kan wà lórí àga tó ń retí rẹ̀.