Sàlẹ́ńsà Tó Ń Yìnbọn ní Ibefun

Síkírù kò gba mẹkáníìkì kankan gbọ́. Láti ọjọ́ tí ọ̀kan ti yọ kábúrétọ̀ gidi lára ọ̀kadà rẹ̀, tó sì fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀, ó ti gbà pé olè ni gbogbo wọn, àwọn kan ni ọwọ́ kò tíì tẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tó gbé ọ̀kadà náà dé ọ̀dọ̀ Zakariyah, mẹkáníìkì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò jókòó. Ó dúró lé e lórí, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé sípánà káàkiri.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Bàbá Fáyọ̀kẹ́, ọmọge tó fẹ́ fi ṣaya, àgbà ọdẹ ni ní Ibefun, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Ìbọn ni wọ́n sì fi ń túfọ̀ ọdẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Síkírù kọ́kọ́ lọ kí bàbá náà, bó ṣe dẹ ọwọ́ iná ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde dáhùn: gbàà! gbàà! gbàà! Àwọn obìnrin àdúgbò káwọ́ lérí, wọ́n ń sunkún bọ̀. Fátókí, ẹ̀gbọ́n Fáyọ̀kẹ́, nàka sí i.

“Tí ọ̀kadà yìí bá tún yìnbọn ládùúgbò yìí, má padà wá mọ́.”

Zakariyah fa róbà kékeré kan jáde lábẹ́ táńkì. “Ẹ wò ó, ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá dẹ ọwọ́ iná, epo tí kò jó tán máa ń wọ inú sàlẹ́ńsà. Róbà yìí ló ń gbé atẹ́gùn lọ bá a níbẹ̀, ló ṣe ń bú bí ìbọn.” Ó ki bóòtù irin kékeré kan bọ ẹnu róbà náà, ó fi kílíìpù dè é. “Ó ti parí. Ẹ máa lọ, mi ò gba nǹkan kan.”

Kò gba nǹkan kan kẹ̀! Mẹkáníìkì wo ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́?

Lójú ọ̀nà, Síkírù dẹ ọwọ́ iná wò. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọ̀kadà lẹ́nu. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló kó o láyà sókè. Ẹni tó ṣe ọ̀kadà kò ṣàdédé fi ihò róbà yẹn sí i. Àbí ṣe ni Zakariyah fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jóná, kó lè gbowó ńlá nígbà tí òun bá gbé e padà wá? Ìfura loògùn àgbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ibefun, ó dúró, ó yọ bóòtù náà, ó sọ ọ́ sínú igbó. Ní ti ariwo, ó ní òun á pa ẹ́ńjìnnì kí òun tó dé ilé àna òun.

Ó ku ilé mẹ́ta kó dé nígbà tí ewúrẹ́ kan já lu ọ̀nà. Síkírù já ọwọ́ iná sílẹ̀. Gbàà! Gbàà! Gbàà!

Igbe ta. Fáyọ̀kẹ́ sáré jáde láti ẹ̀yìn ilé, omijé ti bò ó lójú. Fátókí tẹ̀ lé e.

“Mo rò pé bàbá mi ti lọ,” ni Fáyọ̀kẹ́ wí. “Ṣé mẹkáníìkì ò tún un ṣe ni?”

“Ó tún un ṣe.”

“Ta ló wá bà á jẹ́?”

Ojú ti Síkírù gan-an. “Èmi ni. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni.”

Fáyọ̀kẹ́ nu ojú rẹ̀ nù, ó wò ó títí. “Tó o bá fẹ́ mi tán, bó o ṣe máa máa ṣọ́ èmi náà nìyẹn.” Ó yíjú, ó wọlé lọ bá bàbá rẹ̀.

Fátókí kò jẹ́ kó tún ṣáná sí ọ̀kadà náà. Ṣe ni Síkírù fi ọwọ́ ti ọ̀kadà rẹ̀ jáde ní Ibefun.