Oko Tí Kọ̀mísẹ́ẹ̀ Félix Yá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dìbò fún Félix Oyèwọlé láìsí ẹni tó bá a du ipò. Ní 1979, nígbà tí ìjọba ológun Kútọnu dá ilé aṣòfin sílẹ̀, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, lísìtì kan ṣoṣo ló ń gbé kiri, ó kù kí olùdìbò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣábẹ̀ẹ́ ìlú rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, Félix sì di kọ̀mísẹ́ẹ̀, aṣojú àwọn àgbẹ̀ nílé aṣòfin. Ní 1984, wọ́n tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú irú ìbò yẹn, ọjọ́ ìbò kọ́ lèèyàn ń ṣubú. Ìgbà tí wọ́n bá ń kọ lísìtì ni. Bí wọ́n bá ti yọ orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀, o ti kú nìyẹn, ó ku ẹni tí yóò sin ọ́.

Félix ti rí ẹni tí wọ́n yọ. Tíṣà kan ni. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n yọ ọ́, àwọn tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà wọn bó bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sìlípáàsì ni wọ́n wọ̀.

Ìdí nìyí tó fi dìde nídìí oúnjẹ nígbà tí ìròyìn dé, ní oṣù karùn-ún 1989, pé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá fi ojú ara wọn rí oko gbogbo ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣojú àgbẹ̀.

Félix kò lóko. Ọdún mẹ́wàá ló ti fi jókòó sí Kútọnu. Ebè tó kọ gbẹ̀yìn, ikán ti kọ́lé lé e lórí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ débi pé Hélène ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá bọ ọkọ òun lọ́wọ́, ó ń ṣe òun bíi pé bíṣọ́ọ̀bù ni òun bọ̀ lọ́wọ́.

Ó sáré lọ sí Bessé, abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́, sọ́dọ̀ Kamarou tó fẹ́ àbúrò rẹ̀. Ẹni tó gba ìyàwó ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún ará ilé ìyàwó, ayé gbọ́, ọ̀run mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Félix ló na gbalaja sílẹ̀ fún ọkọ àbúrò rẹ̀.

“Kamarou, yá mi lóko rẹ. Wákàtí kan péré. Bí wọ́n bá ti lọ, mo dá a padà fún ọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé oko lẹ fẹ́ yá ni, àbí kẹ̀kẹ́?”

Félix ti múra láti bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n Kamarou gbà kó tó dìde nílẹ̀. Kò tiẹ̀ fún un ní oko ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ìyẹn kéré sí kọ̀mísẹ́ẹ̀. Ó mú un kọjá odò, lọ sí ìsàlẹ̀ òkè olókùúta, níbi tí iṣu ti ń ta bí ẹni pé ẹnìkan ń lé e. Àwọn igi ńlá dúró lẹ́nu ààlà, ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kun ara igi kọ̀ọ̀kan. Félix rò pé àwọ̀ pupa ti ẹgbẹ́ ni. Ó yin Kamarou pé ó fẹ́ràn ẹgbẹ́.

Kamarou yá a ní aṣọ oko tó ti ya léjìká, ó bá a gba kóòtù aláwọ̀ eérú rẹ̀ pa mọ́. Ó kó àwọn ará Bessé jọ kí Félix lè kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò wí bí wọ́n bá bi wọ́n pé ta ló loko. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní. Arúgbó kan tí kò rántí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ rántí èyí. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Félix. Kò mọ̀ pé wọ́n ṣì fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wà lórí ebè pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò dé. Ọkùnrin mẹ́rin tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé sọ̀ kalẹ̀, Abdoulaye lórúkọ ọ̀gá wọn. Félix rò pé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni, ó pè wọ́n ní kámárádì bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ṣe ń pe ara wọn, ó mú wọn yí oko ká, ó ní òun nìkan ló kọ gbogbo ebè, òun ló gé òpó tí iṣu ń gùn. Abdoulaye ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tọ́ka sí àwọn kùkùté igi. Ìyẹn náà ńkọ́?

Félix ní òun ni. Abdoulaye bi í pé mélòó. Félix rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ìyìn ṣe máa pọ̀ tó. Ó ní bí òun bá ní ogójì, òun dín in kù.

“Ẹ ṣeun, bàbá. Láti oṣù kejì la ti ń wá olóko yìí. Gbogbo Bessé ló ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Igbó ìjọba lẹ dúró sí yìí. Ẹ ò rí ọ̀dà pupa ni?”

Félix ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní oko òun kọ́, ó ní òun yá a ni. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan nínú àwọn mẹ́rin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń yá oko tí iṣu wà nínú ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mọ́tò kejì dé. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni, kámárádì Safiatou ló ṣíwájú, lísìtì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Félix wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bó bá ní oko òun ni, olè igbó ìjọba ni. Bó bá ní oko òun kọ́, ó ti purọ́ fún ẹgbẹ́.

Safiatou kọjú sí àwọn ará Bessé tó ti péjọ sẹ́nu ààlà. “Ta ló ni oko yìí?”

“Ti Félix ni!”

Félix ń fi ọwọ́ bẹ̀ wọ́n, ó ń mi orí, ó ń di ètè mú. Wọ́n tún un wí, ó tún ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Arúgbó yẹn ló tiẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ń dá a wí lóun nìkan. Félix wo ẹ̀yìn wọn, ó rí ebè mìíràn nínú igbó, ó rí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn, débi tí ojú rẹ̀ mọ. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó ń pariwo tí kò ní tirẹ̀ níbẹ̀. Kamarou ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Safiatou fa ìlà gba orí orúkọ kan. Ṣùgbọ́n kò lè gbé àyè òfìfo padà lọ. Ó bi wọ́n bóyá àgbẹ̀ kan wà ní Bessé tí kò ní àbàwọ́n. Wọ́n ti Kamarou síwájú. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó gbẹ bí èèpo igi, ó ní kí wọ́n wá wo oko òun, ó wà lẹ́yìnkùlé, kò tóbi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ìjọba ní nǹkan kan. Wọ́n lọ wò ó. Safiatou kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbé Félix jókòó sẹ́yìn mọ́tò wọn lẹ́nu ọ̀nà Kamarou. Ó mọ̀ pé àárín ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọn yóò gbà. Ó bẹ Kamarou pé kó bá òun mú kóòtù òun wá, kí wọ́n má baà rí òun nínú àkísà. Kamarou wọlé. Nígbà tó jáde, kóòtù náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti de gbogbo bọ́tìnnì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n wá ya fọ́tò fún lísìtì. Wákàtí kan péré. Bí mo bá ti dé, mo dá a padà fún yín.”

Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, tòun ti kóòtù, bí ó ti yẹ kí ọkọ ìyàwó ṣe.