Ẹ Kú Iṣẹ́ Tí Ìyá Títì Kò Dáhùn

Láti ọjọ́ tí rédíò ti kéde pé Ọbabìnrin wàjà ni Ìyá Títì ti ń bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú o. Ó ń kọ́ ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ ìsìnkú ni. Bó bá gbálẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, á ní, "Ẹ ṣé o, mà." Bó bá gbálẹ̀ bọ̀ wá sápá òsì, á ní, "A dúpẹ́, mà, iṣẹ́ ń lọ." Ìgbálẹ̀ kì í dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ náà, èyí tó fi sàn ju àbúrò rẹ̀ lọ.

Àbúrò yìí, aránṣọ ni. Ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbá gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó sì ti gbọ́ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi pé ó lè gé e, kó rán an, kó tún fi bọ́tìnnì sí i. Lọ́sẹ̀ tí ọba wàjà yẹn, kò sí oníbàárà tó wọlé tí kò ní ohun tó fi ń rántí rẹ̀. Ẹnìkan á ní ohùn rẹ̀ lórí rédíò lọ́dún tí omíyalé dé ni. Ẹlòmíràn á ní bó ṣe máa ń juwọ́ ni, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin tí kò fẹ́ kó bínú.

"Ti ẹ̀gbọ́n tèmi," Aránṣọ á ní, "búrẹ́dì ni."

Búrẹ́dì ni lóòótọ́. Lọ́dún tí Ọbabìnrin wá ṣí ilé ìwòsàn, Ìyá Títì ṣì kéré, kò tíì di ìyá ẹnì kankan, ìdámẹ́ta ojú títì yẹn ni wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́. Àwọn aláṣẹ ní kí àwọn agbálẹ̀ gbá a kó dán, bí wọ́n bá sì gbá a tán, kí wọ́n lọ dúró sẹ́yìn ògiri pósófíìsì, nítorí kò yẹ kí ojú ọba pàdé ìgbálẹ̀. Wọ́n dúró. Oòrùn yọ, wọ́n dúró. Ebi dé, ìyẹn kò dúró ní tirẹ̀. Ni ọmọbìnrin yìí bá fa búrẹ́dì yọ lábẹ́ ẹ̀wù. Kò bu díẹ̀. Ààbọ̀ ló gbé jù sẹ́nu.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ Ọbabìnrin dúró. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló fa gbogbo ẹ̀, ó ga ju ògiri lọ, ó yọrí síta bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Ọbabìnrin yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ògiri, ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú títì yìí dán bí àwo."

Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ẹni tí ojú ọba bọ́ sí lára. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ẹni tó ń fọn kàkàkí. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú síwájú ọba. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tó mọ ènìyàn láyà wà láàárín, àbí? Lójú Ọbabìnrin, ẹni tí òun kí kàn rì mọ́lẹ̀ ni. Ọkọ̀ sì lọ.

"Ọba kí mi, mo pòórá," ni Ìyá Títì máa ń wí.

Ẹ̀rín ni fún àwọn tó ń gbọ́ ọ. Fún un, kì í ṣe ẹ̀rín. Nítorí láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún ní kí agbálẹ̀ sá sẹ́yìn ògiri mọ́. Ọ̀gá tó ń pè wọ́n ní "ẹ̀yin wọ̀nyẹn" bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní "ẹ̀yin òṣìṣẹ́". Kò pẹ́, wọ́n fún wọn ní bàtà òjò. Àwọn tó ń kọjá tí wọn kì í wẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ wá ń kí wọn láàárọ̀, nítorí ohun tí ọba bá kí, ta ni yóò ní òun ò rí i? Ẹnu gbogbo ayé ló dúpẹ́ oore yìí, ẹnu tí oore náà tọ̀ wá gan-an ni kò dúpẹ́. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọbabìnrin ti gbàgbé," Aránṣọ á ní.

"Ó lè gbàgbé. Èmi tó kí ńkọ́?"

Nígbà tí wọ́n wá kéde pé títì náà ni pósí yóò gbà kọjá, Ìyá Títì mọ̀ pé àǹfààní ìkẹyìn nìyí. Ọ̀gá wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá Fèrè nítorí fèrè ọrùn rẹ̀ tó ń fọn bó bá fẹ́ kí wọ́n gbé iyọ̀ fún un nídìí oúnjẹ, ṣèlérí fún un.

"Ìyá Títì, iwájú pátápátá lẹ máa dúró, nídìí irin ìdènà. Títì yín ni. Ṣùgbọ́n kí n má rí ewé kan lójú ọ̀nà o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ ìsìnkú ṣe ń mọ́ bọ̀, Ìyá Títì ti dé ẹnu iṣẹ́. Ó tẹrí ba, ó ń gbálẹ̀, ó ń dáhùn. Wàhálà tó kù ni pé kò tíì yan èyí tí yóò sọ. "Ẹ ṣeun púpọ̀ o, Kábíyèsí" dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gùn, ọkọ̀ lè ti kọjá kó tó dé orí "Kábíyèsí". "Ẹ ṣé o, mà" kúrú, ṣùgbọ́n bí ẹni ń dá ẹni tó ta ata fún un lóhùn ló rí. Ó ń rò ó, ó ń gbálẹ̀. Ọwọ́ tó ti gbálẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ orí mọ́.

Ìgbà tó dé oríta ló yíjú padà. Títì mọ́ fónífóní. Ó wo ọmọlanke rẹ̀. Ọmọlanke ti tanná.

Kí ló dé? Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni àwọn èèyàn ti ń wá tẹ́ òdòdó sójú títì kí Ọbabìnrin lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Pupa, funfun, olómi ọsàn, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé, èyí tí wọ́n fi okùn aṣọ dì. Ìyá Títì ti gbá ìfẹ́ gbogbo ìlú pọ̀ mọ́ èèpo ẹ̀pà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan.

Ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bíi pé òun ló ṣe é.

Kí ó tó ronú ohun tí yóò ṣe, èèyàn ti ń dé. Dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ dé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń wa bọ́ọ̀sì. Ó dúró níwájú pósófíìsì, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, bíi pé òdòdó rẹ̀ lè ti gun igi lọ.

"Ta ló jí òdòdó mi?"

Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ń tẹ̀pá bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Bi ọmọlanke yẹn," ó ní.

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, èrò ti pé lé Ìyá Títì lórí. Ọ̀gá Fèrè sáré dé, ó fọn fèrè nígbà tí kò sí ẹni tó ń lọ síbì kankan.

"Ìyá Títì, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo gbálẹ̀ ni."

"Ẹ gbálẹ̀."

"Ẹ ní ẹ ò gbọdọ̀ rí ewé kan."

Ọ̀gá Fèrè la ẹnu, ó bá fi fèrè dí i.

"Ẹ ò rí nǹkan," Dẹ́rẹ́bà ní. "Odindi ìlú ń dágbére fún ọba, ìyá kan ti kó gbogbo ìdágbére dà sínú ọmọlanke. Ẹ dúpẹ́ pé a ò tíì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ì bá ti gbá àwa náà."

"Ẹ má bínú," Ìyá Títì ní. "Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù mú tirẹ̀, mo bẹ̀ yín."

Ó rọrùn lẹ́nu. Ta ló ń dá òdòdó mọ̀ sí òdòdó? Dẹ́rẹ́bà fa ìdì kan yọ tí wọ́n fi okùn aṣọ búlúù dì. Tíṣà fi ọ̀pá kan ọwọ́ rẹ̀.

"Tèmi nìyẹn."

"Bàbá, tèmi ni. Búlúù ni mo fi di tèmi."

"Èmi náà fi búlúù dì í. Kí ni ìwọ mọ̀ nípa búlúù? Ọjọ́ tí Ọbabìnrin wá sílé ìwé wa ni òjò dé. Ó ní kí gbogbo ọmọ sá wọlé, òun ló dúró síta pẹ̀lú agbòjò búlúù rẹ̀ títí ọmọ tó kẹ́yìn fi wọlé. Ìdí tí mo fi fi búlúù dì í nìyẹn."

Dẹ́rẹ́bà kò fi òdòdó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi ni ọmọ tó kẹ́yìn yẹn."

"Ta ni?"

"Èmi ni, sà. Mo fọwọ́ kan agbòjò ọba. Ẹ nà mí fún un lọ́jọ́ kejì."

Tíṣà sún mọ́ ọn, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó wá wo etí rẹ̀. Etí ló fi dá a mọ̀. "Ìwọ aláìgbọràn yìí. O ò mà kú."

"Mo wà, sà. Ìdí mi náà ò gbàgbé yín."

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń bínú àti ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Àwọn méjèèjì jọ di ìdì òdòdó yẹn mú, wọ́n jọ gbé e lọ sójú títì, wọ́n jọ tẹ́ ẹ, bí ẹni gbé àga. Ni ẹnu bá ṣí. Obìnrin kan mú òdòdó funfun, ó ní ohùn Ọbabìnrin lórí rédíò lọ́dún omíyalé ni ìyá òun fi ń rẹ òun lẹ́kún lórí òrùlé. Kò bìkítà bóyá funfun yẹn jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ tirẹ̀ tán, Ìyá Títì á nawọ́ òdòdó sí i, á ní, "Ẹ gbà, ẹ kú ìrántí." Bẹ́ẹ̀ ni òdòdó ṣe ń padà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí títì sì tún lẹ́wà ju ti àná lọ. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni kò rí olúwa rẹ̀.

Kò tíì pín in tán tí fèrè àwọn ọlọ́pàá fi dún lókèèrè. Ọ̀gá Fèrè wo iwájú, ó rí i pé èrò ti kún ibi tó ṣèlérí fún un dẹ́múdẹ́mú. Ó wo àárín títì, ó rí Ìyá Títì, ìgbálẹ̀ rẹ̀, àti ọmọlanke. Ó sáré bá a.

"Ẹ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ wọ ẹ̀yìn ògiri, kíá, kíá."

Ògiri wo? Ògiri pósófíìsì náà ni.

Ìyá Títì ti ọmọlanke wọ ẹ̀yìn ògiri, ó jókòó sórí etí rẹ̀, ó sì gbé ìgbálẹ̀ lé itan. Kò sunkún. Ó kàn fọwọ́ pa ògiri lára bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀. Aránṣọ wá a títí ó fi rí i níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì jẹun láti òwúrọ̀."

"Oúnjẹ kọ́ ló ṣe mí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ na. Ìbànújẹ́ àti ebi, wọn kì í jọ gbé inú ara ẹnìkan kí ara má yìnrìn." Ó bu búrẹ́dì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tì í lẹ́nu. Ìyá Títì gbà á nítorí kó lè dákẹ́.

Bó ti jù ú sẹ́nu báyìí, ọ̀pá Tíṣà kan ògiri kò, kò, kò.

"Ẹni tó ni títì dà? Ta ló fi onílé sẹ́yìn ilé?"

Dẹ́rẹ́bà ti bọ́ sẹ́yìn ògiri, ó ti gbá a lápá mú. Ó kẹ̀yìn sí èrò, ó ń là wọ́n bí ẹni ń fi bọ́ọ̀sì rìn sẹ́yìn. "Ẹ sún o, ẹ sún, mi ò ní gíláàsì ẹ̀yìn." Àwọn tó ń bú ìyá yìí lẹ́ẹ̀kan ń fà á lọ síwájú, ọwọ́ sí ọwọ́. Ó mi orí, ó juwọ́, ó ń fi ojú bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Kí ó tó mọ̀, irin ìdènà ti kan án láyà. Ẹṣin méjì yọ. Lẹ́yìn wọn, pósí tí wọ́n fi àsíá bò. Gbogbo títì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi ń gbọ́ ìró pátákò ẹṣin.

Lẹ́yìn èrò, Aránṣọ káwọ́ lérí. "Mo ti pa ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Ìyá Títì ń jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Búrẹ́dì àná ni, kò jọ ẹni tó ń kánjú. Pósí ń bọ̀. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, ó há a lọ́fun. Pósí dé. Ó wo títì rẹ̀ tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ òwú kan sí rí, ó sì tu búrẹ́dì sí i láàárín òdòdó.

"Ẹ ṣé o, mà," ó ní. "Iṣẹ́ ń lọ."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn, etí ẹṣin kan yí sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ògiri láàárín, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí i lè rí i. Ọ̀gá Fèrè fi fèrè sẹ́nu, ó sì tún yọ ọ́.

"Ẹ ṣé o, mà," ni Tíṣà wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, mà," ni Dẹ́rẹ́bà wí, omi lójú.

Ó ràn lọ láti ẹnu dé ẹnu bí iná inú pápá, ó bá pósí rìn dé oríta, ó bá a yà. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún kò mọ̀ pé búrẹ́dì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oore tiwọn ni wọ́n ń dúpẹ́ fún.

Nígbà tí èrò ń tú ká, Ìyá Títì nu ojú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá lọ mú ìgbálẹ̀.

"Ìyá Títì," Ọ̀gá Fèrè ní, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má gbá nǹkan kan lónìí."

"Òdòdó ni kí n má gbá. Búrẹ́dì ńkọ́?"

Ó fi ẹnu ìgbálẹ̀ yọ ọ́ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn òdòdó, kò ṣí ewé kan nídìí. Dẹ́rẹ́bà ń kọjá lọ, Tíṣà dì í lápá mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Títì," Dẹ́rẹ́bà ní.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán tó fi gba ìdáhùn.